Ta Ló Ní Máàkù Ni Ọ̀dọ́mọkùnrin Tó Sá Níhòòhò?

Kò sí Ọ̀sẹ̀ Mímọ́ kan tí oníwàásù kan kò ní tún un sọ. Tọdún yìí, orí rédíò ni mo ti gbọ́ ọ: pé ọ̀dọ́mọkùnrin tó fi aṣọ sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó wá mú Jésù ní Gẹtisémánì, tó sì sá lọ níhòòhò, Máàkù tó kọ Ìhìnrere gan-an ni. Ó sọ ọ́ bí ẹni pé ó wà nínú Bíbélì. Kò sí níbẹ̀. Máàkù orí 14, ẹsẹ 51 àti 52, kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Wọ́n ní ìṣẹ̀lẹ̀ náà kéré ju ohun tí èèyàn ń kọ sílẹ̀ lọ, àfi bó bá ṣẹlẹ̀ sí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀. Wọ́n ní ilé ìyá Jòhánù Máàkù wà ní Jerúsálẹ́mù. Ó wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣé ìyẹn wá sọ ọ́ di ẹlẹ́rìí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ọgbà lóru? Àwọn tó ń kọ ìwé àlàyé Bíbélì ń gba ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ara wọn láti ìran dé ìran, wọn kò sì yà bi ẹni tó ti sọ̀rọ̀ Máàkù ṣáájú gbogbo wọn.

Papias ni, bíṣọ́ọ̀bù Hierapolis, ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Tọ́kì lónìí. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kejì ló kọ ìwé márùn-ún lórí ọ̀rọ̀ Olúwa. Ìwé náà ti sọnù, ṣùgbọ́n Eusebius da ibi tó kan Máàkù kọ sínú ìtàn Ìjọ rẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹrin. Alàgbà kan ló sọ fún Papias pé Máàkù ni ògbifọ̀ Pétérù, pé ohun tó rántí ló kọ, ó sì kọ ọ́ dáadáa, àmọ́ kò tò ó tẹ̀ léra. Ibi tí àwọn oníwàásù ń fò ló kàn: Máàkù kò gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu Olúwa rí, bẹ́ẹ̀ ni kò tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbẹ̀. Papias fẹ́ràn ìwé yìí, ó ń gbèjà rẹ̀ ni. Ó ní Máàkù kò jẹ̀bi kankan nínú bó ṣe kọ ọ́. A kì í gbèjà ẹni tí a kò fẹ̀sùn kàn. Ó ní láti jẹ́ pé àwọn kan ti ń ráhùn nígbà náà pé ìtàn inú rẹ̀ kò tò. Ká ní Papias gbọ́ rí pé Máàkù wà nínú ọgbà lóru ọjọ́ náà, ìgbà wo ni ì bá sọ ọ́ bí kò ṣe ìgbà yẹn? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ì bá ti pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Dípò ìyẹn, ó gbà pé kò sí níbẹ̀. Ẹ̀rí ẹni tó jẹ́wọ́ ohun tó lè ba ẹjọ́ ara rẹ̀ jẹ́ wúwo lójú tèmi.

Ta wá ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà? Aṣọ ọ̀gbọ̀ ló bọ́ sílẹ̀. Aṣọ ọ̀gbọ̀ bákan náà ni wọ́n fi di òkú Jésù ní orí 15. Ní orí 16, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló jókòó nínú ibojì, níbi tí Mátíù ti ní áńgẹ́lì ni. Wòlíì Ámósì sì ti sọ̀rọ̀, ní òpin orí 2, nípa ọjọ́ tí akíkanjú yóò sá níhòòhò. Ẹni tó to àwọn nǹkan wọ̀nyí lè máa tọ́ka sí ohun tí kò kan ìgbésí ayé tirẹ̀ rárá. Ó sì lè jẹ́ èèyàn kan tí ìjọ Jerúsálẹ́mù mọ̀ dáadáa, tí wọ́n bo orúkọ rẹ̀ kí ọwọ́ àwọn aláṣẹ má bàa tẹ̀ ẹ́. Mátíù àti Lúùkù ní ìwé Máàkù lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n ń kọ tiwọn. Àwọn méjèèjì ló yọ ọ̀dọ́mọkùnrin náà kúrò. Bóyá wọn kò mọ̀ ọ́n, bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n.