Pílánẹ́ẹ̀tì Tó Ń Yí Ìràwọ̀ Mìíràn Po: Ìtàn Àwárí àti Àtúnṣe, 1963 sí 2019

Ohun tí a sábà máa ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni pé ní 1995, Michel Mayor àti Didier Queloz rí pílánẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tó ń yí ìràwọ̀ mìíràn po. Èrò tiwa ni pé ọ̀rọ̀ yìí gé ìtàn náà kúrú jù.

Ní 1963, Peter van de Kamp kéde ní Amẹ́ríkà pé pílánẹ́ẹ̀tì kan ń yí ìràwọ̀ Barnard po. Nígbà tí àwọn mìíràn wò ó ní 1973, wọn kò rí nǹkan kan. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí ẹ̀rọ ìwòràwọ̀ rẹ̀ ló ń jẹ́ kí ìràwọ̀ náà dà bí ẹni pé ó ń mì. Van de Kamp kò gbà.

Ti Andrew Lyne yàtọ̀. Ní oṣù Keje 1991, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Manchester kéde pílánẹ́ẹ̀tì kan lára pulsar, ìyẹn òkú ìràwọ̀ tó ń yí bírí tó sì ń rán ìgbì rédíò jáde. Oṣù mẹ́fà ni pílánẹ́ẹ̀tì náà fi ń yí i po, ìdajì ọdún ayé tiwa gan-an! Lyne fúnra rẹ̀ ló padà rí i pé àwọn ti ṣírò ipa ọ̀nà ayé yípo oòrùn bí ẹni pé ó rí róbótó, bẹ́ẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Kìíní 1992, níwájú àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ tó pé jọ sí Atlanta, ó dìde, ó ní pílánẹ́ẹ̀tì náà kò sí. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Ẹ jẹ́ kí a bi ara wa léèrè bí irú rẹ̀ yóò ṣe rí ní ìpàdé tiwa.

Níbẹ̀ náà ni Aleksander Wolszczan ti sọ̀rọ̀ tẹ̀lé e. Òun àti Dale Frail ti rí pílánẹ́ẹ̀tì méjì lára pulsar mìíràn, méjèèjì sì wà títí dòní. Nítorí náà, 1992 ni ti àkọ́kọ́. Ti Mayor àti Queloz ni àkọ́kọ́ lára ìràwọ̀ tó jọ oòrùn: ó tó ìdajì Júpítà, ọjọ́ mẹ́rin àti díẹ̀ ló sì fi ń yípo. Otto Struve ti sọ ní 1952 pé irú rẹ̀ lè wà.

Ní 2019 tí Mayor àti Queloz gba ẹ̀bùn Nobel, wọ́n fún Nàìjíríà ní ìràwọ̀ HD 43197 àti pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ láti sọ lórúkọ. Ìràwọ̀ náà ń jẹ́ Amadioha, òrìṣà àrá àwọn Igbo. Pílánẹ́ẹ̀tì náà ń jẹ́ Equiano, ẹni tó ra ara rẹ̀ padà lóko ẹrú, tó sì tẹ ìtàn ayé rẹ̀ jáde ní 1789.