Igbó Ọ̀ṣun àti Ìbéèrè Tó Wà Níwájú Ará Ọ̀tà

Ẹni tó bá ń gba Ṣàngó-Ọ̀tà kọjá lónìí, ilé iṣẹ́ ńláńlá, ọkọ̀ àjàgbé àti ariwo ọjà ni yóò kọ́kọ́ bá pàdé. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, kí èéfín ilé iṣẹ́ tó dé, ìlú Àwórì ni Ọ̀tà, ìlú àwọn agbẹ́gilére tí ọwọ́ wọn dá nínú gbígbẹ́ ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Ara igi ni ère ti ń jáde, inú igbó ni igi sì ń gbé. Ṣé ilẹ̀ tó ń bọ́ lọ́wọ́ onílẹ̀ ṣì lè padà sípò? Ìtàn Òṣogbo lè dá wa lóhùn.

Ìtàn ìlú náà sọ pé ibi tí Igbó Ọ̀ṣun wà ni Láróòyè àti Tìmẹ́hìn ọdẹ ti bá òrìṣà odò mulẹ̀. Èèwọ̀ ni kí ẹnikẹ́ni gé igi, dẹ ọdẹ tàbí pẹja níbẹ̀. Lábẹ́ ìjọba amúnisìn, èèwọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀. Wọ́n gbin igi tíìkì sí apá kan, wọ́n gé igi àdáyébá, ojúbọ ń wó, àwọn oníṣòwò ilẹ̀ sì ti ń na ojú sí i.

Àwọn olùsìn Ọ̀ṣun kò káwọ́ gbera. Susanne Wenger, ayàwòrán ọmọ Austria tó dé Nàìjíríà ní ọdún 1950, darapọ̀ mọ́ wọn. Òun ni a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà. Àmọ́ kì í ṣe iṣẹ́ òun nìkan. Adébísí Àkànjí tó jẹ́ bíríkìlà, Kàsálí Àkàngbé agbẹ́gilére àti Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí tó ń gbẹ́ òkúta wà nínú àwọn tó fi ère àti ojúbọ kún igbó náà. Ère wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán: ibi tí ojúbọ bá ti dúró ṣinṣin, ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni tó pín in ní púlọ́ọ̀tì.

Ní 1965, ìjọba kéde igbó náà ní ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Ní 1992, ààbò náà gbòòrò dé gbogbo hẹ́kítà 75. UNESCO kà á mọ́ ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005. Àdùnní kú ní 2009. Igbó kò kú.

Ìjà kò tíì tán. Ní àwọn ọdún àìpẹ́ yìí, ìwakùsà góòlù ti sọ omi Ọ̀ṣun di ẹrẹ̀.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́ náà ti gba oyè UNESCO láti 2001, ṣùgbọ́n oyè kì í hu igi. Ní Òṣogbo, àwọn tó mọ èèwọ̀ ilẹ̀ ló ṣáájú, òfin ló tẹ̀lé wọn. Ẹ̀yin ọmọ Ọ̀tà, kí ẹ tó buwọ́ lu ìwé títa èyí tó kù, ẹ bi àwọn àgbà yín léèrè: igbó wo ni bàbá wa kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn, kí sì ni ìdí rẹ̀?