Yanrìn Ló Kọ́kọ́ Ṣe Ọ̀nà: Ìtàn Ogun Orí Tábìlì

Ìtàn tí mo gbé wá lónìí jọ eré ọmọdé, àmọ́ àgbà ló ni ín.

Àwọn kan wà nílẹ̀ Òyìnbó tó ń fi sójà kéékèèké ja ogun lórí tábìlì. Sójà mìíràn kò gùn ju ẹyọ ìrẹsì kan lọ. Kí ogun náà tó lè bẹ̀rẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ mọ òkè, odò, igbó àti ọ̀nà sílẹ̀. Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di iṣẹ́ gidi?

Ní ilẹ̀ Prussia, tí apá kan rẹ̀ wà lára Jámánì òde òní, òṣìṣẹ́ ìjọba kan wà tó ń jẹ́ von Reisswitz. Yanrìn tútù ló fi ń mọ òkè àti àfonífojì. Àwọn ọmọ ọba rí i, wọ́n ròyìn rẹ̀ fún bàbá wọn, Ọba Friedrich Wilhelm Kẹta. Ọba ní òun náà fẹ́ rí i. Ojú wá ti Reisswitz. Ṣé yanrìn lèèyàn ń gbé wọ ààfin ni?

Ló bá kan tábìlì ńlá tó ní dúrọ́ọ̀. Ó fi P.O.P. ṣe ilẹ̀ pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ onígun mẹ́rin, ó kun ọ̀nà, odò, àbàtà àti abúlé sí wọn lára. Bí o bá fẹ́, o lè tún wọn tò kí ọ̀nà gba ibòmíràn. Ọdún 1812 ló gbé e fún ọba, wọ́n sì ń ta á láàfin.

Àmọ́ ẹ̀yin oníṣòwò ẹgbẹ́ mi, ọjà tí ọba nìkan lè rà, ṣé ó máa ń tà káàkiri? Ààfin ni tábìlì yẹn jókòó sí. Ọmọ rẹ̀ tó jẹ́ ọ̀gá sójà ló wá ọgbọ́n mìíràn: ó pa P.O.P. tì, ó lo máàpù bébà. Sẹ̀ǹtímítà kan lórí rẹ̀ jẹ́ 80 mítà lórí ilẹ̀. Ó tẹ ìwé òfin eré náà jáde ní 1824, olórí àwọn ọ̀gá ogun rí i, ó sì ní kí gbogbo iṣẹ́ ológun máa lò ó. Ó ṣeni láàánú pé ọmọ náà kò jẹ èrè rẹ̀ pẹ́: ní 1827, ó fọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀.

Ní 1913, H. G. Wells ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ ìwé Little Wars. Ilẹ̀ pálọ̀ ni tirẹ̀: igi ìṣeré ọmọdé ló fi ṣe ilé, ẹ̀ka inú ọgbà ló fi ṣe igbó.

Lóde òní ńkọ́? Wọ́n ti padà sídìí yanrìn! Wọ́n á gé aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù pa á, wọ́n á da yanrìn kúnná lé e, wọ́n á wá kùn ún ní àwọ̀ ilẹ̀. Fún sójà ẹlẹ́yọ ìrẹsì yẹn, ọ̀nà tó fẹ̀ tó mítà 6 máa jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà 2 péré. Wọ́n á fẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i kí sójà lè ráyè dúró. Ẹni tó bá gba orí ọ̀nà á yára, ẹni tó bá gba inú àbàtà á pẹ́. Àwa tí a ti kó ẹrù láti ilé wá sí òkè ọya kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìyẹn fún wa.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyí: yanrìn tó ti Reisswitz lójú ni gbogbo ayé ń lò báyìí. Ẹ má tijú ohun tó wà lọ́wọ́ yín.

Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ fi ń mọ ilé àti ọ̀nà nígbà tẹ́ ẹ wà lọ́mọdé? Ẹ sọ fún wa o.