Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀ Tí Kò Dénú Wa

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Ẹdúnàbọ̀n, ọmọkùnrin kan wà láàárín wa tó mọ bọ́ọ̀lù gbá ju gbogbo wa lọ. Tó bá ti gba bọ́ọ̀lù sẹ́sẹ̀, àwọn ọlọ́kadà á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá máa wòran. Lọ́jọ́ kan, ó ní òun ò wá mọ́. A bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Kóòṣì yẹn, mi ò fẹ́ràn bó ṣe ń ṣe." Gbogbo ohun tó sọ kò ju ìyẹn lọ. A fi í ṣe yẹ̀yẹ́, a ní ojo ni. Wọ́n ní bàbá rẹ̀ náà bá a wí nílé pé ó ti ya ọ̀lẹ. Kóòṣì fi ẹlòmíì sípò rẹ̀, ayé ń lọ.

Mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, mi ò sì fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń dà mí láàmú títí dòní ni pé kò sẹ́nì kankan nínú wa, ọmọdé àti àgbà, tó bi í ní ìbéèrè kejì. Àwọn àgbà ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀, á di odindi. Ààbọ̀ náà ni ọmọdé máa ń sọ. Ojú ń tì í, ẹ̀rù ń bà á, kò sì tíì mọ orúkọ tí wọ́n ń pe ohun tí wọ́n ṣe fún un. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, ìtàn àwọn àgbà tí ààbọ̀ ọ̀rọ̀ dé etí wọn, tí wọn ò jẹ́ kó dénú ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, torí pé wọ́n kọ tiwọn sílẹ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 2016, Andy Woodward, tó ti gbá bọ́ọ̀lù fún Crewe Alexandra rí, sọ fún ìwé ìròyìn The Guardian pé kóòṣì òun nígbà tóun wà lọ́mọdé, Barry Bennell, bá òun ṣèṣekúṣe láti ìgbà tóun ti wà lọ́mọ ọdún 11. Kò fi orúkọ pa mọ́, kò fi ojú pa mọ́. Kò pẹ́ tí Steve Walters náà fi jáde. David White, tó gbá bọ́ọ̀lù fún Manchester City, jáde. Paul Stewart jáde, ó ní kóòṣì mìíràn ló ṣe tòun. Àjọ NSPCC ṣí ìlà tẹlifóònù kan fún àwọn tọ́rọ̀ kàn, ìpè 860 ló wọlé láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Ta ni Bennell? Ẹni tó ń wá ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá kiri ni, tó sì ń kọ́ wọn. Ọ̀bọ wà nílé rẹ̀, ẹ̀rọ géèmù wà níbẹ̀, gbogbo ohun tí ọmọdé ń fẹ́. Àwọn ọmọ máa ń sùn lọ́dọ̀ rẹ̀. Inú àwọn òbí dùn sí i, wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ẹni tí Bennell bá mú, ọ̀nà ti là fún un nìyẹn.

Ẹ má rò pé 2016 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ irú ẹni tó jẹ́ o. Ọdún 1994 ni wọ́n mú un ní Florida ní Amẹ́ríkà, nígbà tó kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀ lọ gbá bọ́ọ̀lù, ó sì ṣẹ̀wọ̀n. Ní 1998, ilé ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún 9. Síbẹ̀, bọ́ọ̀lù ń lọ bí ẹni pé èèyàn burúkú kan ṣoṣo ni, tí wọ́n sì ti mú un, tọ́rọ̀ ti parí. Ìgbà tí àwọn tó fìyà jẹ ti dàgbà tán, tí wọ́n sọ̀rọ̀ lójú gbogbo ayé, ni ilé ẹjọ́ ní Liverpool tún dá a lẹ́bi ní 2018 lórí ẹ̀sùn 50. Ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fún un ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Inú ẹ̀wọ̀n náà ló kú sí ní 2023.

Àjọ bọ́ọ̀lù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, FA, ní kí agbẹjọ́rò kan tó ń jẹ́ Clive Sheldon wádìí ohun tó ṣẹlẹ̀ láti 1970 títí dé 2005. Oṣù kẹta ọdún 2021 ni ìwé rẹ̀ jáde. Ó kéré tán, àwọn tí wọ́n fura sí jẹ́ 240, àwọn tí wọ́n ṣe é fún sì jẹ́ 692. Ó ní láàárín 1995 sí 2000, FA fa ẹsẹ̀ gan-an láti dáàbò bo àwọn ọmọdé. Ní ti Crewe, ó ní àhesọ dé etí wọn nípa Bennell, ó sì yẹ kí wọ́n ti ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ láti wò ó bóyá àlàáfíà ni àwọn ọmọ wà. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni àhesọ yẹn. Ó délé wọn, wọn ò fún un níjòókòó.

Ìwọ̀ Oòrùn àti Àárín Gbùngbùn Áfíríkà ńkọ́? Ní oṣù kejìlá ọdún 2021, The Guardian yìí kan náà gbé ìròyìn jáde láti Gabon. Wọ́n fẹ̀sùn kan Patrick Assoumou Eyi, tí wọ́n ń pè ní Capello, ẹni tó ti jẹ́ kóòṣì àwọn ọmọ tí kò ju ọdún 17 lọ fún orílẹ̀-èdè náà títí di 2017, pé ó ti bá ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ṣèṣekúṣe. Ààrẹ Ali Bongo ní kí wọ́n wádìí, wọ́n sì mú ọkùnrin náà. Ní 2022, wọ́n ti ààrẹ àjọ bọ́ọ̀lù wọn náà mọ́lé fún oṣù mélòó kan lórí ẹ̀sùn pé ó gbọ́, kò sì sọ. Òun ní òun ò jẹ̀bi.

Ó wá ku àwa. Nàìjíríà ò tíì ní ìwé bíi ti Sheldon. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe, ohun kan sì wà tí iṣẹ́ yìí kọ́ mi: ètò tí kì í kọ àṣìṣe rẹ̀ sílẹ̀ máa ń dà bí ètò tí kò ní àṣìṣe. Àìsí àkọsílẹ̀ kọ́ ni àìsí ìwà ibi.

Ohun tó ran Bennell lọ́wọ́ wà lọ́dọ̀ wa náà. Kóòṣì ló ń kọ orúkọ àwọn tó máa gbá bọ́ọ̀lù. Òun ló ń kó àwọn ọmọ lọ sí kám̀pù, tí wọ́n á sùn sí yàrá kan. A tún wá ní àgádágodo tiwa: ọjọ́ orí bọ́ọ̀lù. Kóòṣì á ní kí ọmọ ọdún 17 máa pe ara rẹ̀ ní ọmọ ọdún 14, á sì bá a ṣe ìwé rẹ̀. Òbí á gbà, torí gbogbo èèyàn ló ń ṣe é. Ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ débi pé nígbà tí Nàìjíríà gba àlejò ìdíje àgbáyé àwọn ọmọ ọdún 17 ní 2009, FIFA lo ẹ̀rọ MRI láti fi wo egungun ọrùn ọwọ́ àwọn agbábọ́ọ̀lù. Ohun tí a kì í rò ni pé irọ́ yẹn so ọmọ mọ́ kóòṣì. Bí ọmọ bá fẹ́ tú àṣírí kóòṣì, kóòṣì ti di àṣírí tirẹ̀ mú.

Òfin náà ò ran ọmọ lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀. Ìwé òfin ìwà ọ̀daràn tí àwọn amúnisìn fi sílẹ̀ fún wa ní bí ẹnì kan bá bá ọmọbìnrin tí kò tíì pé ọdún 13 lò pọ̀, láàárín oṣù méjì ni ẹjọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀. Oṣù méjì! Woodward lo nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún kó tó lè sọ̀rọ̀ lójú gbogbo ayé. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti 2003 ló wá fi ẹ̀wọ̀n gbére lélẹ̀ fún ẹni tó bá bá ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 lò pọ̀. Ní 2019, àjọ NAPTIP ṣí ìwé àkójọ orúkọ àwọn oníṣẹ́ ibi yìí. Ó dáa, àmọ́ ẹni tí ẹnì kan bá ti sọ̀rọ̀ rẹ̀, tí wọ́n gbọ́, nìkan ni orúkọ rẹ̀ lè dé ibẹ̀.

Àwọn àgbà náà ló ní ọmọ ẹni kì í burú títí ká lé e fún ẹkùn pa jẹ. Ọmọ tó mọ bọ́ọ̀lù gbá ńkọ́? Ṣé torí pé ó dáa la ṣe máa fà á lé ẹkùn lọ́wọ́?

Mo pàdé ọ̀rẹ́ wa yẹn ní Ifẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Ó ti di bàbá ọlọ́mọ. Mo fẹ́ bi í ní ìbéèrè kejì yẹn, ẹnu mi ò gbà á. Òun ló bi mí bóyá mo mọ kóòṣì gidi kan, pé ọmọ òun fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Ṣùgbọ́n èmi náà á máa jókòó síbẹ̀ títí wọ́n á fi ṣe tán o."

Lọ́tẹ̀ yìí, ó dénú mi.