Ìpè Aago Mẹ́wàá

Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ní New York, Sátidé 16 oṣù Kíní 2010. Tẹlifóònù dún sí Teddy Tahu Rhodes, olórin láti New Zealand. Ara Mariusz Kwiecien, ará Póláńdì tó yẹ kó ṣe Escamillo, akíkanjú tó ń bá akọ màlúù jà, nínú eré olórin Carmen, kò yá. Aago kan ọ̀sán ni eré máa bẹ̀rẹ̀ ní Metropolitan Opera, àwọn èrò nínú sinimá ilẹ̀ òkèèrè yóò sì máa wò ó lójú ẹsẹ̀, torí láti ìparí ọdún 2006 ni wọ́n ti ń fi sátẹ́láìtì gbé irú eré bẹ́ẹ̀ káàkiri.

Nígbà tí ìpè yẹn dún, aago mẹ́ta ọ̀sán ló jẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo wà lọ́jà Peckham, mò ń ná ẹja.

Aago mẹ́fà ku díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló ra tíkẹ́ẹ̀tì. Lójú ìbòjú sinimá, a rí gbọ̀ngàn Metropolitan Opera tó ń gba nǹkan bí 3,800 ènìyàn. Wọ́n ń wá ìjókòó wọn lọ́hùn-ún bí àwa náà ṣe ń wá tiwa. Ibẹ̀ lara mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í yá gágá.

Aago mẹ́fà. Yannick Nézet-Séguin, ọmọ Kánádà ẹni ọdún 34, ló darí orin. Kò tíì ju ọjọ́ mẹ́rìndínlógún lọ tó kọ́kọ́ darí eré nínú ilé náà.

Nígbà tó yá, Elīna Garanča, ará Latvia, bọ́ síta bíi Carmen, ó sì mú orin Habanera sẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí n dúró níbí díẹ̀. Havana ní Kúbà ni orúkọ yẹn ti wá. Bizet, tó kọ orin eré náà, rò pé orin àwọn aráàlú ni, àṣé Sebastián Iradier, ará Sípéènì tó ti dé Kúbà, ló ṣe é. Kúbà yẹn kan náà ni wọ́n kó àwọn ènìyàn wa, tí wọ́n ń pè ní Lukumí níbẹ̀, lọ ṣẹrú, ọwọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ sì wà nínú ijó Habanera. Bí àwọn sẹ́lò ṣe bẹ̀rẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ti ń lu ilẹ̀.

"Àbúrò mi, ṣé o gbọ́ ìlù yẹn?"

"Mo gbọ́ o, ẹ̀gbọ́n mi."

Nínú gbọ̀ngàn lọ́hùn-ún, olórin kì í lo gbohùngbohùn. Ọ̀fun rẹ̀ nìkan ló fi ń bo gbogbo ohun èlò orin mọ́lẹ̀. Ní sinimá, ẹ̀rọ ti mú ohùn gbogbo dọ́gba. Ìyẹn dùn mí. Àmọ́ àwọn tó jókòó sẹ́yìn pátápátá ní New York kò rí ìpéǹpéjú Garanča bí àwa ṣe rí i.

Aago méje kọjá. Ọkùnrin gíga kan wọlé, ó kọ orin akíkanjú tó ń bá akọ màlúù jà.

Nígbà ìsinmi, Renée Fleming ń bá àwọn òṣèré sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìtàgé. Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ nípa ìpè aago mẹ́wàá. Nígbà tí mò ń ná ẹja lọ́wọ́, ọkùnrin gíga yẹn, Rhodes, ń sáré lọ wọ aṣọ ẹlòmíràn.

Ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́sàn-án àbọ̀ lù. Roberto Alagna, tó ṣe Don José, olólùfẹ́ tí Carmen ti kọ̀, dúró pẹ̀lú ọ̀bẹ. Carmen mọ̀ pé ikú ni, kò sá. Láti inú pápá ìjà ni ohùn èrò ti ń bọ̀, orin Escamillo ni wọ́n ń kọ, bí ọ̀bẹ ṣe wọlé. Ọdún 1875 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe eré yìí ní Opéra-Comique ní Paris. Bizet kú lóṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹni ọdún 36, kó tó mọ bí ayé yóò ṣe gbà á.

Àwọn òṣèré jáde wá tẹríba. Ó kan Rhodes. Ẹ̀gbọ́n mi dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un títí ọwọ́ fi ń ta wọ́n.

"Kò lè gbọ́ wa o, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí, wọn kò sì dáwọ́ dúró.