Ọkọ̀ Tó Ń Wa Ara Rẹ̀: Ó Ríran, Ṣùgbọ́n Òye Ò Tíì Tó

Ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀ ni ọkọ̀ tí kọ̀ǹpútà ń darí, tí ẹnikẹ́ni kò ní láti di sítíárì rẹ̀ mú tàbí kí ó tẹ bíréèkì. Kámẹ́rà, rédà àti lídà (ẹ̀rọ tó ń fi ìtànṣán léésà mọ bí nǹkan ṣe jìnnà tó) ni púpọ̀ nínú wọn fi ń ríran. Kì í mutí, kì í tòògbé lójú ọ̀nà, kì í bá ẹni tó gba iwájú rẹ̀ jà. Ibi tó kù sí ni òye. Awakọ̀ á wo ẹni tó dúró létí títì lẹ́ẹ̀kan, á ti mọ̀ bóyá ó fẹ́ sọdá ni àbí ó kàn ń dúró de ọ̀rẹ́ rẹ̀.

Ní ọdún 2004, DARPA, àjọ ìwádìí tí iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ń náwó sí, gbé ìdíje kalẹ̀ fún irú ọkọ̀ yìí ní aṣálẹ̀ Mojave. Ọ̀nà náà lé ní kìlómítà 220. Ọkọ̀ tó ṣe dáadáa jù kò rìn tó kìlómítà 12. Lọ́dún kejì, Stanley, ọkọ̀ Yunifásítì Stanford, rin ọ̀nà ìdíje ọdún náà dópin, ó sì gbégbá orókè. Ṣùgbọ́n nínú aṣálẹ̀, kò sí ọmọ tó máa lé bọ́ọ̀lù já sójú títì.

Ìgboro ni wàhálà wà. Ní alẹ́ ọjọ́ 18 oṣù Kẹta ọdún 2018, ní ìlú Tempe ní ìpínlẹ̀ Arizona, ọkọ̀ Volvo kan tí Uber fi ń ṣe ìdánwò pa obìnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ sọdá títì. NTSB, àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá ìrìnnà ní Amẹ́ríkà, rí i pé ìṣẹ́jú-àáyá 5.6 kí ọkọ̀ náà tó kọlù ú ni ẹ̀rọ ti rí i. Kò kàn mọ ohun tó rí ni. Ó pè é ní ọkọ̀, ó pè é ní nǹkan mìíràn, ó pè é ní kẹ̀kẹ́. Bó sì ṣe ń yí èrò padà ni ìṣirò rẹ̀ nípa ibi tí obìnrin náà ń lọ ń dàrú. Àwọn tó ṣe é kò kọ́ ọ pé ènìyàn lè sọdá níbi tí kò sí ìlà ìsọdá. Lóòótọ́, awakọ̀ kan wà nínú ọkọ̀ tó yẹ kó máa ṣọ́ ọ, ojú rẹ̀ sì wà lórí fóònù. Ẹ̀bi ènìyàn nìyẹn. Ẹ̀bi ẹni tó rò pé ènìyàn lè jókòó fún wákàtí gbọọrọ kó máa ṣọ́ ẹ̀rọ láìṣe nǹkan kan náà wà níbẹ̀.

Ti Cruise, iléeṣẹ́ takisí tí kò ní awakọ̀, ní San Francisco tún burú lọ́nà mìíràn. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá ọdún 2023, ọkọ̀ tí ènìyàn ń wà gbá obìnrin kan, ó sì jù ú síwájú takisí Cruise kan. Takisí náà kọlù ú, ó dúró. Ká ní ènìyàn ló wà nídìí sítíárì ni, ojú kan náà ni ì bá ti bẹ́ sílẹ̀ tòun tigbe. Ẹ̀rọ rò pé ẹ̀gbẹ́ ni nǹkan ti gbá òun, ó sì ṣe ohun tí wọ́n kọ́ ọ: ó yà sétí títì, ó wọ́ obìnrin náà tó bíi mítà 6. Obìnrin náà kò kú, àmọ́ ó fara pa púpọ̀. Kí oṣù náà tó parí, California ti dá ìwé àṣẹ Cruise dúró. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, General Motors tó ni ín kéde pé àwọn kò náwó sórí takisí náà mọ́.

Àléébù kan tún wà tí ènìyàn kò ní: ọpọlọ kan náà ni gbogbo wọn ń lò. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, ní Phoenix, ọkọ̀ kan láti Waymo, iléeṣẹ́ takisí aláìláwakọ̀ mìíràn, kọlu ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan tí wọ́n ń wọ́ sẹ́yìn lọ, nítorí kò lóye bó ṣe ń rìn. Ìṣẹ́jú díẹ̀ lẹ́yìn náà, Waymo mìíràn tún lọ kọlu ọkọ̀ kan náà!

Ó yẹ ká sọ tòótọ́ nípa ènìyàn náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ó lé ní mílíọ̀nù kan ènìyàn tó ń kú lójú pópó lọ́dọọdún, ìṣirò Waymo fúnra rẹ̀ sì fi hàn pé ìjàǹbá tó ń ṣe ènìyàn léṣe kéré lọ́dọ̀ tirẹ̀ ju ti awakọ̀ ènìyàn lọ. Ṣùgbọ́n àwọn ìlú tó yàn fúnra rẹ̀, tó sì ti ya àwòrán títì wọn síwájú, ló ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí iná lọ ní San Francisco ní ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ọdún 2025, tí iná tó ń darí ọkọ̀ lójú pópó sì kú, ọ̀pọ̀ Waymo dúró gbagidi sáàárín ìkóríta, wọ́n dí ọ̀nà fún àwọn tó ń fi ojú àti ọwọ́ júwe fún ara wọn kọjá. Iléeṣẹ́ náà ní láti dá iṣẹ́ dúró fúngbà díẹ̀.

Ìpele mẹ́fà ni ẹgbẹ́ onímọ̀ẹ̀rọ SAE pín ìwakọ̀ aládàáṣe sí, láti 0 dé 5. Ìpele 5 ni ọkọ̀ tó lè lọ síbikíbi tí ènìyàn lè wakọ̀ dé, lójò, lẹ́ẹ̀rùn. Kò tíì sí iléeṣẹ́ kankan tó ń ta á.