Ìjókòó ìtagbangba àwọn aṣòfin lórí iná, kùsà àti ilẹ̀: Ohun tó yẹ kí gbogbo wa mọ̀

Kì í pẹ́ rárá kí a tó tún gbọ́ nínú ìròyìn pé àwọn aṣòfin l'Ábùjá pe ìjókòó ìtagbangba. Lónìí, wọ́n lè ní ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ni, lọ́la kó jẹ́ ti góòlù tí wọ́n ń wà nínú igbó, tó bá sì di ọ̀tunla, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni. Tẹlifíṣàn á gbé e, àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ ńláńlá á wọ agbádá wá síbẹ̀, ariwo á sọ, lẹ́yìn náà gbogbo rẹ̀ á rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn fi gbà pé eré lásán ni. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ tán. Nínú irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ lórí ẹni tí yóò gba owó ilẹ̀, ẹni tí yóò rí iná lò, àti ẹni tí wọn yóò gbẹ́ kòtò sí oko rẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é kò ní í mọ ìgbà tí wọ́n ń pín ogún bàbá rẹ̀.

Oríṣìí méjì ni

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Orí òwe yìí ni ìjókòó ìtagbangba dúró lé. Oríṣìí méjì ló sì wà. Èkíní ni èyí tí wọ́n ń ṣe nígbà tí àbádòfin bá wà nílẹ̀. Bí wọ́n bá ti ka àbádòfin nígbà àkọ́kọ́ àti ìgbà kejì, wọ́n á gbé e lọ fún ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ìgbìmọ̀ yìí yóò kéde ọjọ́ ìjókòó, yóò sì ní kí ẹni tó bá ní ohun í sọ kọ ìwé wá. Àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba, àwọn oníṣòwò, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, agbẹjọ́rò àtàwọn ará ìlú ló lè wá sọ tẹnu wọn. Lẹ́yìn èyí ni ìgbìmọ̀ yóò kọ àbọ̀ rẹ̀ fún gbogbo ilé, kí wọ́n tó ka àbádòfin náà nígbà kẹta.

Èkejì ni ìjókòó ìwádìí. Kò sí àbádòfin kankan níbi tiẹ̀. Owó tó sọnù, iṣẹ́ tí wọ́n gbà tí wọn kò ṣe, tàbí òfin tí ẹnì kan tẹ̀ lójú ni wọ́n máa ń wádìí.

Àṣẹ tí òfin fún wọn

Abala 88 àti 89 nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 ló fún àwọn aṣòfin àpapọ̀ lágbára yìí. Wọ́n lè ránṣẹ́ pe ẹnikẹ́ni tó wà ní Nàìjíríà, wọ́n lè ní kó búra kó tó sọ̀rọ̀, wọ́n lè ní kó kó ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ wá, bó bá sì kọ̀ tí kò wá, wọ́n lè fún ọlọ́pàá ní ìwé àṣẹ láti mú un wá. Abala 128 àti 129 fún àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ní irú àṣẹ yìí kan náà.

Àmọ́ agbára náà ní ààlà. Òfin sọ pé wọ́n lè lò ó kìkì láti ṣe òfin tàbí tún èyí tó mẹ́hẹ ṣe, àti láti tú àṣírí ìwà jẹgúdújẹrá, àìmọṣẹ́ àti ìfiṣòfò nínú ìnáwó ìjọba. Kì í ṣe láti fi dẹ́rù ba èèyàn. Ní ọdún 1980, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà ránṣẹ́ sí Tony Momoh, tó jẹ́ olóòtú Daily Times nígbà náà, nítorí ohun tí ìwé ìròyìn náà kọ nípa àwọn aṣòfin. Ọkùnrin náà gba ilé-ẹjọ́ lọ, ilé-ẹjọ́ sì dá a láre pé àṣẹ ìwádìí kì í ṣe àṣẹ láti máa pe ẹni tó bá ti wu aṣòfin.

Ẹ tún rántí pé ìjókòó ìwádìí kì í ṣe ilé-ẹjọ́. Kò lè rán ẹnikẹ́ni lọ sẹ́wọ̀n lórí ohun tó bá tú jáde. Àbọ̀ ló máa kọ, ìjọba àtàwọn àjọ tó ń gbógun ti ìwà ìbàjẹ́ ló kù tí yóò ṣiṣẹ́ lé e lórí. Ibi tí ọ̀pọ̀ ìwádìí ti ń kú sí nìyẹn.

Ta ló ni ilẹ̀, ta ló ni ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀?

Òfin méjì ló máa ń kọlu ara wọn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òfin Ìlò Ilẹ̀, tí ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé jáde ní oṣù kẹta ọdún 1978, fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, kó máa bá àwọn ará ìlú tọ́jú rẹ̀. Ṣùgbọ́n abala 44 nínú ìwé òfin sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo epo rọ̀bì, afẹ́fẹ́ gáàsì àti ohun àlùmọ́ọ́nì tó wà nínú ilẹ̀. Nítorí náà, góòlù ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, òkúta ẹfun tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì l'Ẹ́wẹ́kórò àti ọ̀dà bítúmẹ́nì tó wà l'Ágbábù ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, Àbújá ni wọ́n ti ń fún èèyàn níwèé àṣẹ láti wà wọ́n. Gómìnà tí ilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè fún awakùsà níwèé àṣẹ.

Níbo wá ni àgbẹ̀ tó ni oko dúró sí? Bí ìjọba bá gba ilẹ̀, Òfin Ìlò Ilẹ̀ ní kí wọ́n san owó irè oko àti ilé tó wà lórí rẹ̀. Ilẹ̀ náà gan-an kò lówó, àfi owó ìṣákọ́lẹ̀ tí onílẹ̀ bá ti san fún ìjọba lọ́dún tí wọ́n gbà á. Òfin ìwakùsà ti ọdún 2007 gbìyànjú díẹ̀: ó ní kí awakùsà bá ìlú tó wà níbẹ̀ ṣe àdéhùn ìdàgbàsókè kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì ka wíwa kùsà léèwọ̀ lórí ibi ọjà, ibojì àti ojúbọ.

Ọ̀pọ̀ ló ti ní kí wọ́n tún Òfin Ìlò Ilẹ̀ ṣe, ṣùgbọ́n wọ́n so ó mọ́ ìwé òfin ilẹ̀ wa. Kí wọ́n tó lè yí i padà, ìdá méjì nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin àpapọ̀ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36 náà sì gbọ́dọ̀ gbà.

Ìjókòó mẹ́ta tó kọ́ wa lọ́gbọ́n

Ní ọdún 2008, nígbà tí Dìméjì Bánkọ́lé jẹ́ olórí ilé aṣojú-ṣòfin, ìgbìmọ̀ tí Ndudi Elumelu jẹ́ alága rẹ̀ wádìí owó tí ìjọba ná sórí iná mànàmáná láti ọdún 1999. Bílíọ̀nù dọ́là ni wọ́n ń pè. Àwọn mínísítà àtàwọn agbaṣẹ́ṣe ń wá, wọ́n ń ṣàlàyé. Nígbà tí àbọ̀ dé, awuyewuye pọ̀ débi pé ilé náà gbé ìgbìmọ̀ mìíràn dìde láti tún àbọ̀ ìgbìmọ̀ tiwọn yẹ̀ wò. Iná kò tìtorí ẹ̀ wá.

Ní ọdún 2012, lẹ́yìn tí gbogbo ìlú fẹ̀hónú hàn nítorí owó epo, ìgbìmọ̀ Farouk Lawan wádìí owó ìrànwọ́ orí epo. Wọ́n rí i pé bílíọ̀nù 245 náírà ni wọ́n fi sínú ìsúnà ọdún 2011, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n san ju tírílíọ̀nù 2.5 náírà lọ. Ìwádìí gidi ni. Àmọ́ alága ìgbìmọ̀ náà gba rìbá 500,000 dọ́là lọ́wọ́ oníṣòwò epo kan. Ilé-ẹjọ́ rán an lẹ́wọ̀n ní 2021, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ sì fọwọ́ sí ẹ̀wọ̀n ọdún márùn-ún ní 2024. Ẹni tó ń wá olè náà ni wọ́n bá ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni ti òfin epo rọ̀bì. Láti ọdún 2008 ni wọ́n ti ń gbé àbádòfin yìí kiri. Nígbà ìjókòó oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tó wá ṣojú àdúgbò elépo, nítorí ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n ń béèrè. Ìdá márùn-ún ni ilé aṣojú-ṣòfin kọ́kọ́ gbà, ìdá mẹ́ta ni ilé àgbà gbà, ìdá mẹ́ta náà ló sì wọ òfin tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù kẹjọ ọdún náà. Nígbà tí àwọn onílé ń bá ara wọn jà, ẹni tó ń ṣírò owó kò sùn.

Ohun tó kù sí wa lọ́wọ́

Láti ọdún 2023 ni ọ̀rọ̀ náà ti túbọ̀ súnmọ́ ilé. Àtúnṣe ìwé òfin àti òfin iná mànàmáná ọdún náà fún ìpínlẹ̀ láyè láti máa pèsè iná, kó sì pín in fúnra rẹ̀. Èkìtì àti Oǹdó wà lára àwọn tó kọ́kọ́ gba àkóso yìí ní 2024. Èyí túmọ̀ sí pé ìjókòó lórí ọ̀rọ̀ iná kò tún mọ sí Àbújá nìkan, Adó-Èkìtì àti Àkúrẹ́ náà ti wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin tí awakùsà ti wọ oko yín, ẹ̀yin tí iná kò dé àdúgbò yín, bí ẹ bá gbọ́ ìkéde ìjókòó, ẹ má ṣe gbé e sọnù. Ẹ pe ìpàdé ìlú, kí ẹ fẹnu kò sórí ohun kan, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ṣókí, kí ẹ sọ ibi tí òfin ti ṣe yín ní àìdáa àti ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ fi àwòrán oko àti ìwé ilẹ̀ tì í. Ẹ mú ẹ̀dà kan fún aṣòfin àdúgbò yín, kí ẹ sì béèrè àbọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. A kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ṣùgbọ́n bí olórí bá kọ̀ tí kò jókòó, onígbàjámọ̀ kò ní í dúró dè é.